Ìràwọ̀ mẹ́rin fún ilé ìtọ́jú tí mi ò ní dárúkọ

Kí ẹ má bàa máa wá orúkọ kiri nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Àríwá Lọ́ńdọ̀nù ló wà, bọ́ọ̀sì méjì ni mo máa ń wọ̀ kí n tó débẹ̀, kò sì sí pátákó kankan lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ kì í fẹ́ kí ará ìlú rẹ̀ bá òun níbi tó ti ń tẹ aago ilẹ̀kùn, èmi náà ò sì fẹ́. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa tọ́jú ọkàn àti ara àwọn tí wọ́n ti dá lóró, ìbáà jẹ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá, ní bárékè, ní ẹ̀wọ̀n tàbí lójú ogun. Mo bá ará Súdáànì pàdé níbẹ̀, mo bá ará Ìráànì àti ará Kóńgò. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo lò lọ́wọ́ wọn. Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mẹ́rin ni mo fún wọn, màá sì sọ ohun tó gba ìkarùn-ún lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, ọmọ Abẹ́òkúta sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní Arò. Nígbà tí a wà ní kékeré, tí ẹnì kan bá ti rẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ lọ, a ó ní ọkọ̀ Arò ń bọ̀ wá gbé e. Nítorí náà, nígbà tí dókítà àdúgbò sọ pé òun fẹ́ fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọkàn, inú bí mi. Mo ní orí mi pé. Kò bá mi jiyàn. Ó béèrè pé wákàtí mélòó ni mò ń sùn lóru. Mo ní méjì. Ó ní kí ló ń jí mi. Mo ní kọ́kọ́rọ́. Ẹnì kan wà ní òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kó àwa tó wá tọrọ ìsádi sí, tó máa ń ṣílẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ní bí aago kan òru. Bí mo bá ti gbọ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn, màá ti dìde dúró ní igun yàrá kí n tó mọ̀ pé mo ti jí. Dókítà ò sọ nǹkan kan mọ́, ó ń tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo ń ṣe nílé. Ìwé ìsìnkú, káàdì ìgbéyàwó, bánà ṣọ́ọ̀ṣì, kàléńdà ẹgbẹ́. Ní oṣù kẹwàá 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ jáde ìwọ́de káàkiri Nàìjíríà, mo bá àwọn kan tẹ pátákó. Àwọn tó wá mú mi wọ aṣọ ìjọba, mi ò sì ní dárúkọ àwọn náà. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo lò lọ́wọ́ wọn. Wọ́n di ọwọ́ mi sẹ́yìn, wọ́n fi í so mí kọ́. Ó tó bẹ́ẹ̀, torí pé ti ilé ìtọ́jú ni mo jókòó láti kọ. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́ta, ọwọ́ òsì mi ò gòkè kọjá àyà, mi ò lè fi í wọ ẹ̀wù láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Oṣù méje ni mo fi dúró kí wọ́n tó pè mí. Ibẹ̀ ni ìdajì ìràwọ̀ karùn-ún lọ. Wọ́n kọ̀wé pé orúkọ mi ti wọlé, kí n máa retí. Láàárín ìyẹn, wọ́n ti gbé wa kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì kan sí òmíràn, lẹ́tà kejì sì lọ sí ti tẹ́lẹ̀, ó wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé owó ìtọrẹ àánú ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, mo sì mọ̀ pé àwa tó ń kan ilẹ̀kùn wọn pọ̀. Síbẹ̀, ẹni tí kì í sùn, oṣù méje rẹ̀ ju oṣù méje àwọn tó ń sùn lọ. Wọn ì bá pè mí lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí n kàn mọ̀ pé wọn ò tíì gbàgbé mi.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n padà. Ọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọ aṣọ dúdú látòkè délẹ̀, bàtà rẹ̀ ga, ó fi rédíò kọ́ àyà. Ẹ wo ibi tí wọ́n fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sí! Mo sọ fún wọn lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, mo rò pé ó parí síbẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù tó tẹ̀ lé e, súwẹ́tà aláwọ̀ ewé ni ọkùnrin náà ń wọ̀, rédíò ti wọ dúrọ́ọ̀. Àṣé ará Gánà ni, èèyàn jẹ́jẹ́ ni pẹ̀lú. Tórí súwẹ́tà yẹn ni mo ṣe mọ̀ pé tí èèyàn bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, wọ́n á gbọ́.

Obìnrin tí wọ́n fi mí fún pé kó máa tọ́jú ọkàn mi ò tíì tó ẹni ogójì ọdún. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni pé àga wo ni mo fẹ́ jókòó sí. Èkejì ni pé ṣé kí òun ti ilẹ̀kùn ni tàbí kí òun fi í sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí pé kí ni mo fẹ́ kí wọ́n ṣe sí ilẹ̀kùn. Mo ní kó ṣí i díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko ni ilẹ̀kùn yẹn fi ṣí díẹ̀, òtútù ń wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wọ kóòtù rẹ̀ jókòó tì mí, kò sì fìgbà kan bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun tì í.

Òyìnbó tí mo gbọ́ ò burú fún ọjà àti fún iṣẹ́. Mo lè dúnàádúrà owó bébà, mo lè bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Àmọ́ ohun tó wà nínú ara mi yìí, kò sí lédè òyìnbó. Wọ́n ní àwọn á wá ògbufọ̀ Yorùbá, mo kọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá bọ́ lẹ́nu èèyàn ní Peckham, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti dé Ìtòkú. Wọn ò fi ipá mú mi. Wọ́n wá ẹnì kan tí kì í gbé Lọ́ńdọ̀nù rárá, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ẹni náà lórí fóònù, tí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, kí n sọ. Màmá kan ni, ohùn Ìjẹ̀bú ṣì wà lẹ́nu wọn kedere. Fóònù yẹn já lẹ́ẹ̀mẹta nínú wákàtí kan, ìyà ńlá ni kí èèyàn máa tún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ. Lẹ́yìn náà ni Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ojú irin wá jókòó tì wá.

Ohun kan máa ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Màmá tó tó bí mi, "ẹ" ni wọ́n ń pè mí, torí pé ọ̀rọ̀ obìnrin òyìnbó ni wọ́n ń gbé jáde, wọ́n sì ní àwọn ò mọ irú ojú tó fi ń wò mí, kí àwọn má bàa rẹ̀ mí sílẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ó ní báwo ni ẹ ṣe sùn?" Èmi náà á ní, "Ẹ ṣeun mà, ẹ bá mi sọ fún un pé mi ò sùn." Tí a bá ti jáde síta, ó di "ọmọ mi, o ti jẹun?"

Ó tó ìpàdé kẹrin kí ọ̀rọ̀ tó dé inú yàrá tí wọ́n ti so mí kọ́. Mò ń sọ ọ́ lọ, Màmá ń túmọ̀ lọ, àfi bí wọ́n ṣe dákẹ́. Òfin iṣẹ́ wọn ni pé ògbufọ̀ kì í dá ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ, nítorí náà wọ́n kọ́kọ́ tọrọ ààyè lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Wọ́n ní ohun kan wà nínú Yorùbá mi tí àwọn ò fẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Tí mo bá ń sọ nípa ṣọ́ọ̀bù mi, mo máa ń ní "mo ṣí i", "mo tì í". Nípa ìyàwó mi, "mo fẹ́ ẹ". Nípa bàbá mi, "wọ́n kú". Ṣùgbọ́n bí mo bá ti wọ yàrá yẹn, gbogbo ọ̀rọ̀ mi á gbé "ń" rù. Wọ́n ń fà mí. Wọ́n ń so mí. Wọ́n ń bi mí. Màmá ní, "Kò sọ pé wọ́n so òun. Ó ní wọ́n ń so òun. Títí di báyìí."

Láti ìgbà tí mo ti dáyé ni mo ti ń sọ Yorùbá, mi ò gbọ́ "ń" yẹn lẹ́nu ara mi rí.

Obìnrin náà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ẹ̀rù tó bá ti kọjá agbára ẹni kì í jẹ́ kí ọpọlọ to ọ̀rọ̀ sí àyè rẹ̀. Òórùn á kù, ìró á kù, ìrora á kù, ṣùgbọ́n ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀ á já kúrò lára wọn. Nígbà tí irú òórùn tàbí ìró bẹ́ẹ̀ bá tún kọjá, ara ò ní mọ̀ pé ti ọjọ́ tó ti lọ ni. Èmi tí mo tẹ kàléńdà fún ọdún mẹ́rìndínlógún, kò sí bí ìyẹn ò ṣe ní yé mi. Mo ti rí ojú ìwé kàléńdà tí déètì ò tẹ̀ jáde lára rẹ̀ rí, tó jẹ́ fọ́tò alága ẹgbẹ́ nìkan ló ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ oṣù tó wà fún.

Bí wọ́n ṣe ń dá déètì padà síbẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Narrative Exposure Therapy lorúkọ rẹ̀, ìyẹn ìtọ́jú nípa sísọ ìtàn ayé ẹni, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Konstanz ní Jámánì ló gbé e jáde. Àwa tó ń lọ síbẹ̀, "okùn" là ń pè é. Obìnrin náà tẹ́ okùn gígùn sílẹ̀ láti ẹsẹ̀ ògiri. Orí kan ni ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Ìdí rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ká a jọ, ó ní ìyẹn ni èyí tí mi ò tíì gbé. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ méjì wá, òkúta wà nínú ọ̀kan, ńlá àti kékeré, òdòdó oníke wà nínú èkejì. Ohun tó dùn nínú ayé mi, kí n fi òdòdó síbẹ̀. Èyí tó korò, kí n gbé òkúta. Ká ní ìyá mi wọlé bá wa lọ́jọ́ náà, ohun tí wọ́n máa bi wá ni pé ta ló ń rúbọ. Mo wo Màmá, Màmá wo ibòmíì, a jọ ń pa ẹ̀rín mọ́nú.

Mo fi òdòdó kan sí ọdún tí mo ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi àkọ́kọ́, Kord 64 àlòkù tí mo rà ní Ṣómólú, tí a fi ọkọ̀ akóyanrìn gbé wálé nínú òjò. Mo gbé òkúta sí ikú bàbá mi, lẹ́yìn náà mo fi òdòdó tì í, torí a sin wọ́n dáadáa. Mo gbé òkúta tó tóbi jù nínú apẹ̀rẹ̀ sí 2020. Nígbà tí mo dìde dúró, tí mo wo ilẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé okùn náà gùn. Òkúta yẹn tóbi lóòótọ́, ibì kan ṣoṣo ló sì wà.

Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e la bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀gbẹ́ okùn lọ, ìtàn kọ̀ọ̀kan, ìpàdé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a dé ibi òkúta ńlá, kò jẹ́ kí n sáré. Kí lẹ rí? Kí lẹ gbọ́? Níbo ló ti dùn yín lára nígbà yẹn, níbo ló ti ń dùn yín báyìí? Tí ojú mi bá ti ṣí sílẹ̀ tí mi ò rí i mọ́, á ní kí n sọ ohun tí mò ń gbọ́ nínú yàrá tí a jókòó sí. Ó ní kí a wá òórùn kan tí kò sí níbi tí wọ́n tì mí mọ́, tí màá máa fà símú. Ó mú òróró lavender kan jáde. Mo ní rárá o, bí yàrá tí wọ́n tẹ́ òkú sí ló ń rùn. Lọ́sẹ̀ kejì, mo mú Robb wá látinú ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa. Bí mo bá ti ṣí agolo yẹn sábẹ́ imú, ojú mi á ta, omi á bọ́, mo ti padà sí Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn.

Gbogbo ohun tí mo bá sọ, á kọ ọ́ sílẹ̀, á kà á fún mi ní ìpàdé tó bá tẹ̀ lé e, Màmá á sọ ọ́ ní Yorùbá. Ibì kan wà tí mi ò mọ̀ pé mi ò dé rí. Ní gbogbo ìgbà tí mo ti ń sọ ìtàn yìí, fún lọ́yà, fún Home Office tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìsádi, fún ara mi lóru, ibi tí wọ́n ti so mí kọ́ ni mo máa ń dúró sí. Obìnrin yìí ò gbà kí n dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Lẹ́yìn ìyẹn? Mo wá rántí pé wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀. Mo rántí pé ọwọ́ mi ò lè di ife mú, tí ọmọkùnrin kan tí wọ́n tì mọ́ yàrá kan náà pẹ̀lú mi gbé ife omi sí mi lẹ́nu. Ìpàdé kẹtàlá ni Màmá ka èyí tí wọ́n kọ: "Wọ́n so mí kọ́ ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Wọ́n tú mi sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹnì kan fún mi lómi." Kò sí "ń" kankan níbẹ̀. A fi òdòdó kékeré kan ti òkúta ńlá yẹn nítorí ife omi.

Mo ṣì ń gbọ́ kọ́kọ́rọ́. Àmọ́ ní báyìí, mo lè gbọ́ ọ kí n yí ẹ̀gbẹ́ padà. Wákàtí márùn-ún ni mò ń sùn, nígbà míì mẹ́fà.

Dókítà wọn tún kọ ìwé fún ẹjọ́ ìsádi mi, ìyẹn náà kì í ṣe eré. Ó fi téèpù wọn gbogbo àpá ara mi, ó yà wọ́n sórí àwòrán èèyàn. Ìlànà kan wà tí wọ́n ń tẹ̀ lé láti kọ ẹ̀rí ìdálóró sílẹ̀, Istanbul Protocol, tí wọ́n parí ní 1999. Ìpele márùn-ún ló ní, látorí àpá tí kò bá ọ̀rọ̀ ẹni mu títí dé èyí tí kò lè ti ibòmíì wá. Ó wá dé orí gbẹ́rẹ́ mi. Mẹ́tàdínlógún ni, láyà àti lọ́rùn ọwọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fo gbẹ́rẹ́, torí ẹ̀rù ń bà mí pé Home Office á ní gbogbo rẹ̀ ọwọ́ babaláwo ni. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó kọ ọ́ pé bàbá mi ló sín in fún mi ní kékeré, kò sì bá ìdálóró tan. Lọ́yà mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ibẹ̀ gan-an ni ìwé yẹn ti lágbára. Dókítà tó bá sọ pé àpá mẹ́tàdínlógún kì í ṣe ti ìyà, wọ́n á gbà á gbọ́ nígbà tó bá ní mẹ́fà jẹ́ ti ìyà. Lẹ́nu lọ́yà yìí kan náà ni mo ti gbọ́ pé Nàìjíríà ní òfin tó lòdì sí ìdálóró láti 2017, tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 25 sí i. Òfin ti wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta nígbà tí wọ́n ń so mí. Wọ́n so mí, mo fẹ́ sọ.

Ìdajì ìràwọ̀ tó kù ńkọ́? Irú ilé yìí ti pẹ́ láyé. Inge Genefke, dókítà ará Denmark, dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Copenhagen ní 1982. Helen Bamber, tó ti ṣiṣẹ́ láàárín àwọn tó yè ní Bergen-Belsen lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, dá ti Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀ ní 1985. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Arò tí mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ mọ̀ kí wọ́n tó dé. Ní 1954, Lambo, dókítà ọpọlọ ní Arò, fi àwọn aláìsàn sílé àwọn ará abúlé tó yí Arò ká, ìbátan aláìsàn sì ń bá a gbé níbẹ̀. Wọ́n á gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n á padà sáàárín èèyàn lálẹ́. Èmi, tí mo bá ti sọ̀rọ̀ tán láago mẹ́rin, bọ́ọ̀sì méjì padà sí òtẹ́ẹ̀lì, yàrá kan, ògiri mẹ́rin. Alẹ́ ọjọ́ ìpàdé ló máa ń burú jù. Ọgbà tí wọ́n ti ń jọ gbin nǹkan dára gan-an, oúnjẹ wà níbẹ̀, àwàdà wà níbẹ̀, àmọ́ Ọjọ́bọ̀ nìkan ni, ìpàdé tèmi sì jẹ́ ọjọ́ Ajé. Ẹ gbé méjèèjì pọ̀. Mo ti sọ ọ́ fún wọn, wọ́n ní àwọn ń rò ó. Súwẹ́tà kò pẹ́ tó báyìí.

Ní ti ọgbà, ewédú tí mo gbìn síta ò ga ju kókósẹ̀ lọ, òtútù pa á. Èyí tó wà nínú ilé ọ̀rá gòkè, a sè é, ará Súdáànì ní àwọn náà ń jẹ ẹ́, ó sì bù ú lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin tó ń tọ́jú èjìká mi fi rọ́bà gbọọrọ kan kọ́ mi ní eré ọwọ́ tí mo ṣì ń ṣe láràárọ̀. Mo ti ń wọ ẹ̀wù láìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Owó ọkọ̀ gan-an wọ́n ń dá a padà, ìyẹn sì ṣe pàtàkì: nígbà tí mò ń lọ, lílọ àti bíbọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, £3.50 ni, owó tí ìjọba sì ń fún ẹni tó wà ní òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń fún un lóúnjẹ nígbà náà kò pé £10 lọ́sẹ̀. Dókítà àdúgbò tàbí lọ́yà ló máa ń fi orúkọ ránṣẹ́. Tí ẹ ò bá tíì ní dókítà, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀, ní England kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ bèèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó gbà yín. Ẹ lè yan ògbufọ̀ ọkùnrin tàbí obìnrin, ẹ sì lè ní kó jẹ́ ará ibi tó jìnnà. Tí ẹ bá yí ibùgbé padà, ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an nítorí lẹ́tà. Ẹ mú Robb yín dání. Òróró tiwọn yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣí i rárá.